Àfikún àkókò lọ́jọ́ ìdánwò: bí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe lè ṣètò rẹ̀ l'Abẹ́òkúta

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi nígbà kan, kíláàsì kẹrin. Mo fún wọn ní ìdánwò ìṣirò, ìbéèrè 20. Ó gba 7. Mo fi báírò pupa kọ "Múra sí i" sídìí ìwé rẹ̀, mo sì bọ́ sórí ìwé ẹlòmíràn. Alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí mò ń da máàkì wọn sínú ìwé èsì, ni mo tó ṣàkíyèsí pé ìbéèrè méje péré lọ́mọ náà dáhùn, méjèèje ló sì gbà. Mẹ́tàlá tó kù, kò tíì dé ibẹ̀ tí agogo fi dún.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là ń pè ní olódo. Mo ti pe ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, mi ò ní parọ́. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni ọ̀nà tí mò ń gbà ṣètò àfikún àkókò fún wọn láti ìgbà náà, nílé-ìwé ìjọba tí ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì, tí kò sí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, tí olùkọ́ kan ṣoṣo ń ṣọ́ gbogbo wọn. Ilé-ìwé aládàáni tọ́wọ́ wọn dẹ̀ á lè ṣe ju báyìí lọ. Ẹ̀yin òbí náà lè kà á, torí pé ọwọ́ yín ni ìdajì iṣẹ́ náà wà.

1. Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó ń jẹ àkókò ọmọ náà

Ibí ni mo ti fẹ́ ká dúró pẹ́ jù lọ, torí pé ibí lọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fò kọjá. Wọ́n á ní ọmọ yìí ń falẹ̀, ó tán. Kí ló ń fà á nílẹ̀?

Ẹ lo pẹ́ńsù àti báírò. Lọ́jọ́ ìdánwò kékeré, kí gbogbo kíláàsì fi pẹ́ńsù kọ̀wé. Nígbà tí àkókò bá pé, ẹ má gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Ẹ ní kí wọ́n gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, kí wọ́n mú báírò búlúù, kí ẹ sì fún wọn ní ìṣẹ́jú 15 sí i. Gbogbo wọn o, kí ojú má bàa ti ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ bá ń máàkì, ẹ ka ti pẹ́ńsù lọ́tọ̀, kí ẹ ka ti báírò lọ́tọ̀. Ọmọ tó gba 8 pẹ̀lú pẹ́ńsù, tó wá di 9 lẹ́yìn báírò, àkókò kọ́ ló ń dà á láàmú. Ẹ padà lọ kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gba 7 tó wá di 16, ẹ ti rí ẹni tí à ń wá. Ọmọbìnrin mi yẹn, 16 gan-an ló gbà.

Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nínú iṣẹ́ mẹ́ta: ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè tan èèyàn. Ó lè jẹ́ pé ọmọ náà ò jẹun kó tó kúrò nílé lọ́jọ́ yẹn ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jókòó síbi tí ẹ ti lè rí i, kí ẹ máa wò ó. Ẹ má bá a wí, ẹ sáà máa wò ó. Ibo ni ìṣẹ́jú rẹ̀ ń lọ?

Níbi àdàkọ ni ti àwọn kan. Ojú pátákó la máa ń kọ ìbéèrè sí, ọmọ á kọ́kọ́ dà á kọ kó tó dáhùn. Ẹni tójú rẹ̀ kò ríran jìnnà á fún ojú pọ̀, á na ọrùn, á wo ìwé ẹni tó jókòó tì í, àwa á sì ní ó ń jíwèé wò. Àwọn mìíràn, ọwọ́ ni. Wọ́n ń tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gbẹ́ igi, tó bá di ìlà kẹta, wọ́n á máa gbọn ọwọ́. Ẹ bi wọ́n bóyá ọwọ́ òsì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nílé kí ẹnì kan tó fi pàṣán yí wọn sí ọ̀tún. Ó yà mí lẹ́nu bí mo ṣe ń rí ìyẹn tó títí di òní.

Ti àwọn kan, ìwé kíkà ló ń jẹ ẹ́. Ọmọ á ka ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á pe "b" ní "d", á fò kọjá ìlà kan láìmọ̀. Ẹ ka ìbéèrè kan náà sí i létí, á dáhùn kí ẹ tó pa ẹnu dé. Dyslexia làwọn dókítà ń pe irú èyí, kò sì túmọ̀ sí pé ọpọlọ ọmọ kò pé. Ti àwọn mìíràn jẹ́ etí: bí ẹ bá ń pe ìbéèrè lẹ́nu, wọ́n ń dúró kí ẹnì kejì kọ ọ́ kí wọ́n tó mọ ohun tí ẹ wí.

Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) tún yàtọ̀. Wọ́n ti sọ fún un nílé ìwòsàn pé kó máa mu omi dáadáa, omi tó mu á sì máa gbé e lọ sí ilé ìtọ̀. Bí ilé ìtọ̀ bá wà lẹ́yìn ọgbà, ìṣẹ́jú mẹ́fà mẹ́fà ló ń lọ nínú ìdánwò rẹ̀. Bí ara bá tún ń ro ó, ẹ fi kún un. Ọmọ tó ń lo oògùn wárápá náà lè máa tòògbé láàárọ̀, torí pé àwọn kan nínú oògùn náà máa ń kun èèyàn lóorun.

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́. Ìlà mẹ́ta ti tó.

2. Ojú àti etí ṣáájú

Ẹ má tíì sọ̀rọ̀ àfikún àkókò fún ẹnikẹ́ni kí ẹ tó yẹ ojú àti etí wò. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, kó fi ọwọ́ bo ojú kan, kó ka ohun tó wà lójú pátákó. Kó bo ojú kejì. Fún etí, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti lè rí ẹnu yín, ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ dókítà, ṣùgbọ́n á sọ fún yín bóyá kí ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Aba tàbí èyí tó bá sún mọ́ wọn.

Kí ó tó di pé ó rí awò ojú gbà, ẹ gbé e wá sí iwájú. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Bó bá jẹ́ ti wárápá, tàbí ti ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan rárá, Aro, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà nílùú yìí, ni wọ́n máa ń darí òbí sí. Ẹ mọ bí ìlú yìí ṣe ń gbọ́ orúkọ yẹn sí. Láti ọdún 1954 ni ilé ìwòsàn náà ti wà níbẹ̀, síbẹ̀ bí ẹ bá dárúkọ Aro fún òbí láìṣàlàyé, ẹ ti bá ọmọ náà jẹ́ lójú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé wọ́n ń tọ́jú wárápá níbẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú ọmọdé, kì í ṣe ẹni tó ń rìn kiri títì nìkan.

3. Ẹ bá òbí sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́

Kì í ṣe lẹ́nu géètì. Kì í ṣe níwájú ọlọ́kadà tó ń dúró. Kì í sì í ṣe níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí gbogbo èèyàn ti ń gbọ́. Ẹ pè é wá lọ́tọ̀, kí ẹ sì mú ìwé pẹ́ńsù àti báírò yẹn dání, torí pé ìwé náà á gbèjà yín.

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe lọ rèé:

"Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìwé ọmọ wa."

"Áńtí, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ọmọ mi ò pé ni?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ wo ibi tó fi pẹ́ńsù kọ. Ó gbà á, àbí kò gbà á?"

"Ó gbà á."

"Ẹ wo ti báírò."

"Ó tún gbà á. Kí wá ló dé tí kò kọ ọ́ tán?"

"Ohun tí mo fi pè yín nìyẹn, mà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àdìrẹ ẹlẹ́kọ kì í yá tó oníko. Ẹni tó ń fi ìyẹ́ ya ẹ̀kọ sára aṣọ ò ní bá ẹni tó ń fi ìko dì í parí nígbà kan náà. Ṣé ẹ wá ń tìtorí ẹ̀ ta ẹlẹ́kọ ní ọ̀pọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹlẹ́kọ gidi ló tiẹ̀ wọ́n jù. Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ọmọ náà ti ní gìrì lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó wà ní kékeré, ọ̀rọ̀ tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni nílé-ìwé sọ rí.

Ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ òbí: ìtàn àìsàn ọmọ náà, oògùn tó ń lò àti wákàtí tó ń lò ó, àti ìwé láti ilé ìwòsàn bí ó bá wà. Bí kò bá tíì sí ìwé ilé ìwòsàn, ẹ má torí ẹ̀ dá ọmọ dúró nínú ìdánwò kékeré tó jẹ́ ti kíláàsì yín. Ti ìta ni wọ́n á ti béèrè ìwé.

4. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i

Ẹnu lásán kì í tó. Olùkọ́ tó ṣọ́ ìdánwò lọ́jọ́ náà lè má jẹ́ ẹ̀yin, yóò sì gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ nígbà tí agogo bá dún. Ojú ìwé kan ṣoṣo tó: orúkọ ọmọ, kíláàsì rẹ̀, ohun tó ń jẹ àkókò rẹ̀, iye ìṣẹ́jú tí a ó fi kún un, ibi tí yóò jókòó, ẹni tí yóò ṣọ́ ọ, àti ọjọ́ tí a ó tún un yẹ̀ wò. Òbí á fọwọ́ sí i, ọ̀gá ilé-ìwé á fọwọ́ sí i. Kí gbogbo rẹ̀ parí, ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ọ̀gá bá ní "Ta ló fún yín láṣẹ?", ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó ka fífi ọwọ́ rọ́ aláìlera tì sí ẹ̀ṣẹ̀, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé kí ilé-ìwé ìjọba ṣí sílẹ̀ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn yòókù, kí ó kéré tán ẹnì kan tó kọ́ iṣẹ́ nípa wọn sì wà nílé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Òfin náà ò ka ìṣẹ́jú fún wa. Ìṣẹ́jú yẹn, àwa la máa kà á.

5. Ìṣẹ́jú mélòó?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdánwò ìṣẹ́jú 40 á di 50, ti wákàtí kan á di wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Ìwọ̀n yìí kì í ṣe àròsọ mi: òun ni wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdánwò àwọn tó ń parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àfi àwọn kan, irú àwọn tó ń fi ọwọ́ ka ìwé afọ́jú, tí wọ́n lè fún ní ìlọ́po méjì àkókò. Lẹ́yìn ìdánwò kan, ẹ wo ìwé ọmọ náà. Bí ó bá ṣì ń fi ìbéèrè mẹ́rin márùn-ún sílẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sí i nígbà mìíràn.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló nílò ìṣẹ́jú púpọ̀ sí i láti kọ̀wé o. Ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde tí ó rẹ̀, bí ẹ bá ní kó jókòó kọ̀wé fún wákàtí kan ààbọ̀, ìyà lẹ fi ń jẹ ẹ́. Ohun tó nílò ni kí ẹ dá aago rẹ̀ dúró. Nígbà tó bá jáde lọ tọ̀, ẹ kọ aago tó jáde. Nígbà tó bá padà, ẹ kọ ọ́. Ìṣẹ́jú tó lò níta ni ẹ ó san padà fún un, ó tán. Bákan náà ni ọmọ tí ọwọ́ ń ro: ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn ìlàjì àkókò sàn fún un ju ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn agogo.

6. Ọjọ́ ìdánwò gan-an

Àṣìṣe tí mo ṣe nígbà àkọ́kọ́ ni pé mo fi àfikún náà sẹ́yìn. Agogo dún, àwọn yòókù tú síta, wọ́n ń pariwo lójú fèrèsé, wọ́n ń ra búrẹ́dì àti áìsì-kíríìmù, ọmọ mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ojú rẹ̀ ń bẹ níta. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fún un, kò kọ ìlà méjì níbẹ̀.

Iwájú ni kí ẹ fi í sí bí ó bá ṣeé ṣe. Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù bá wà lórí ìlà ní ásẹ́ḿbílì, kó sì parí pẹ̀lú wọn. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ìyẹn á jẹ́ kí ìbéèrè jò. Kò ní jò bí ọmọ náà kò bá jáde kúrò nínú kíláàsì kí àwọn tó kù tó wọlé. Bí kò bá ṣeé ṣe láti fi síwájú, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá tàbí kíláàsì tó ṣófo kí agogo tó dún, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ta ló máa ṣọ́ ọ? Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ Òṣíẹ̀lẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ yín fún kíkọ́ iṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ tó yẹ wọ́n gan-an nìyí. Ẹ kọ́ wọn pé kí wọ́n má ṣe tọ́ka sí ìdáhùn, kódà bí àánú ọmọ bá ń ṣe wọ́n.

Ẹ sọ fún ọlọ́kadà tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń wá mú ọmọ pé ọjọ́ ìdánwò á pẹ́ díẹ̀. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n mo ti rí ọlọ́kadà tó ń fun fèrè níta tí gbogbo ara ọmọ wá ń gbọ̀n. Bí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohun tí ẹ ń kà mọ́, ẹ dá aago gbogbo kíláàsì dúró.

7. Ìwé ìbéèrè fúnra rẹ̀

Nígbà mìíràn, ìwé ìbéèrè ni ká tún ṣe, kì í ṣe aago. Ẹ fi ọwọ́ kọ ìbéèrè sórí ìwé fún ọmọ tí kò ríran jìnnà, gàdàgbà, kó má bàa da ohunkóhun kọ láti ojú pátákó. Ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ni, kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú ogún lálẹ́.

Ìdánwò Yorùbá ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Àmì ohùn tí a fi ṣọ́ọ̀kì kọ sójú pátákó tó ti ṣá, ọmọ tó jókòó lẹ́yìn kò lè rí i. Ẹ ní kó fi "ọkọ́" ṣe gbólóhùn. Ó rí "ọkọ", ó kọ̀wé nípa bàbá rẹ̀. Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí "ọkọ̀", ó kọ̀wé nípa mọ́tò. Àwọn méjèèjì mọ Yorùbá, ẹ sì fún àwọn méjèèjì ní òdo.

Ẹ lè ka ìbéèrè sétí ọmọ tí ìwé kíkà ń dà láàmú nínú ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí ẹ̀kọ́ ìgbé-ayé. Ẹ má kà á fún un nínú àyọkà Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Yorùbá, torí pé ìwé kíkà gan-an ni à ń dán wò níbẹ̀. Àkókò nìkan ni ẹ ó fún un níyẹn.

8. Àwọn ọmọ tó kù

Wọ́n á béèrè. "Áńtí, kí ló dé tẹ́ ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀?" Ẹ má sọ àìsàn ọmọ fún wọn. Èmi máa ń bi wọ́n pé bí àwa àti ìyá àgbà wọn bá jọ ń gun Olúmọ, ṣé àkókò kan náà la máa débẹ̀? Wọ́n á ní rárá. Bí ìyá àgbà bá wá dé orí àpáta, ṣé ìlú mìíràn ló máa rí ni, àbí Abẹ́òkúta yìí náà? Wọ́n á rẹ́rìn-ín, á sì tán níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bá a wí bí ẹ ṣe ń bá ẹni tó bú ẹlòmíràn wí.

9. Kíláàsì kẹfà àti ìdánwò ìta

Ohun tí ẹ ṣètò nínú ilé-ìwé yín kò dè ẹlòmíràn. NECO ló ń ṣe ìdánwò àṣewọlé sí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀, irú èyí tó wà ní Odógbolú tàbí ti àwọn ọmọbìnrin ní Ṣàgámù. Ìgbà tí ẹ bá ń fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ ni kí ẹ ti kọ̀wé béèrè, pẹ̀lú ìwé ilé ìwòsàn àti ojú ìwé tí ọ̀gá fọwọ́ sí. Òbí tó dúró di àárọ̀ ìdánwò, tó wá ń bẹ olùṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ti pẹ́ jù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò sí irú ẹ̀ rí ní Nàìjíríà, ẹ rán an létí pé láti ọdún 2017 ni JAMB ti ní ètò ọ̀tọ̀ fún àwọn afọ́jú tó ń wá yunifásítì.

Ohun tí yóò ràn yín lọ́wọ́ jù ni ìwé èsì pẹ́ńsù àti báírò láti kíláàsì kẹrin. Ẹ máa tọ́jú wọn.

10. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan

Ẹ tún ṣe ti pẹ́ńsù àti báírò lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ máa ń dàgbà, oògùn máa ń yí padà, ojú máa ń burú sí i tàbí kó sàn. Ọmọbìnrin mi tó gba 7 yẹn, ojú ni tirẹ̀. Wọ́n fún un ní awò ní oṣù kejì, bàbá rẹ̀ fi okùn rọ́bà so ó mọ́ ọn lórí kó má bàa já. Mo ṣì ń fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí di ìparí táàmù kejì. Nínú táàmù kẹta, mo rí i pé ó ti ń ya òdòdó sẹ́yìn ìwé ìdánwò kí agogo tó dún. Mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lójú ìwé náà, ọ̀gá fọwọ́ sí i. Ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé e, tí ọwọ́ ń ro, mo fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún tirẹ̀.